Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Lílọ Wo Àwọn Ibùdókọ̀ Ojú Irin

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tó dé sí ojú ewé yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló dá lórí lílọ káàkiri láti wo àwọn ibùdókọ̀ ojú irin, kì í ṣe nítorí pé ẹni tó kọ̀wé ń rìnrìn àjò, bí kò ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn láti wo ibẹ̀, kí ó sì mọ ìtàn rẹ̀. A ti yan díẹ̀ tí ìbéèrè wọn yàtọ̀ síra. A gé àwọn tó gùn kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ohun tí àwọn tó kọ wọ́n ní lọ́kàn padà.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Bàbá Olùkọ́, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ń wá ohun tí n ó máa fi ọwọ́ dilẹ̀ ṣe tí kò ní gba owó púpọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n máa lọ wo àwọn téṣàn rélùwéè láti ìhín lọ dé Ìlọrin, kí n sì máa kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé. Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Kí ni ènìyàn fẹ́ lọ wò ní téṣàn tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sí mọ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé ohun gidi wà níbẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn:
Bàbá wa, ẹ kú ìsinmi lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí ọmọ yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ kò sì ní láti rìn jìnnà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé téṣàn Láfẹ́nwá tó wà nílùú yín wà lórí ọ̀nà irin tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ní 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin náà láti Èkó. Ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, ó dé Ìbàdàn, Gómìnà William MacGregor sì ṣí i fún lílò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé etí odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Ẹni tó bá ń wo téṣàn kò gbọdọ̀ ka àwọn ọdún wọ̀nyí sí ohun tí a ń há sórí nílé ẹ̀kọ́ lásán. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́ òpin irin rí fún sáà kan, tó fi jẹ́ pé orí alárùú ni ẹrù tó ń ti òkè bọ̀ máa ń wà títí yóò fi dé ibẹ̀, kí ó tó bọ́ sínú wágónì. Ibi tí ẹrù bá ti ń pààrọ̀ ọwọ́ báyẹn ni oníṣòwò máa ń kọ́ ilé sí, ẹ ó sì rí àmì rẹ̀ títí di òní ní àyíká àwọn téṣàn náà.

Bí ẹ bá dé téṣàn àtijọ́ kan, ẹ má kọ́kọ́ wo ilé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi ìṣísẹ̀ yín wọn gígùn rẹ̀, kí ẹ fi í wé ibi tí èrò ń dúró sí, kí ẹ wo bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bí pèpéle rẹ̀ ṣe ga tó kí àpò lè ti orí rẹ̀ bọ́ tààrà sínú wágónì. Kò sí ohun mìíràn tó lè fi hàn yín kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ ìdí tí wọ́n fi la ọ̀nà irin yìí. Kòkó, ẹkùrọ́, epo pupa àti òwú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá bí wọn yóò ṣe kó dé etí òkun ní owó pọ́ọ́kú. Ẹrù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ tẹ́ irin, èrò sì bá ẹrù wọlé. Ìlú tí ilé ẹrù rẹ̀ bá tóbi ju ilé èrò rẹ̀ lọ ti sọ irú oko tó yí i ká fún yín, kódà bí kò bá sí igi kòkó kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí irin ṣe là. Irin ẹyọ kan ni wọ́n tẹ́ láti Èkó lọ sí òkè, nítorí náà ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò lè yà fún ara wọn níbòmíràn àfi ní téṣàn, níbi tí irin ti pín sí méjì kí ọ̀kan lè dúró de èkejì. Gígùn irin ẹ̀gbẹ́ yìí ni gígùn ọkọ̀ tí téṣàn náà lè gbà. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí àwọn téṣàn tó dá wà láàárín igbó, tí ẹ ó sì máa bi ara yín pé ìlú wo ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kì í ṣe ìlú kankan. Ọkọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún: ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí ń mu omi lọ́pọ̀lọpọ̀, ti máa ń bu omi, èyí tó mú kí táńkì omi gíga wà ní ẹ̀gbẹ́ irin, tí odò kan kò sì ní jìnnà sí i. Olókèméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, jẹ́ ibi tó yẹ kí ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún, nítorí pé igbó ọba tí ìjọba àmúnisìn yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, odò Ògùn sì wà nítòsí.

Ohun kan tó máa ń dùn mọ́ mi jù ni ọdún tó wà lára irin. Ilé iṣẹ́ tó rọ irin ojú ọ̀nà sábà máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó rọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ irin náà, ó sì máa ń yọ síta bí ilà ojú. Ẹ kò ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí ojú irin kí ẹ tó rí i. Àwọn irin tó ti gbó ni wọ́n máa ń tún lò fún òpó ọgbà àti òpó wáyà, nítorí náà ẹ wo àwọn òpó tó yí ọgbà téṣàn ká, kí ẹ fi aṣọ nu ìpẹtà orí wọn. Ẹ ó rí i pé òpó ọgbà lè ju ilé téṣàn tó ń ṣọ́ lọ lọ́jọ́ orí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Láfẹ́nwá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Wásinmi, Pápáláńtò àti Ìfọ̀ ní apá ìsàlẹ̀, kí ẹ tó gba apá òkè lọ sí Ìbàdàn, Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkirun, Òkukù àti Ọ̀ffà. Ẹ má ṣe é bí ẹni tó ń sáré. Téṣàn kan tí ẹ jókòó tì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán yóò wúlò fún yín ju mẹ́rin tí ẹ kàn gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Agége:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi ọjọ́ Sátidé kan wo àwọn téṣàn tó bá ṣe é wò ní Èkó. Àwọn kan ń sọ fún wa pé àwọn téṣàn tuntun kò ní ìtàn kankan, pé kí a má fi àkókò wa ṣòfò síbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn:
Kì í ṣe òótọ́, ẹ̀yin àbúrò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ti àtijọ́ ni ọkàn tèmi fà sí jù. Agége tí ẹ wà gan-an dára fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà irin àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí jọ gba ibẹ̀ kọjá, ẹ sì lè fi ojú ara yín rí ìyàtọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ti àtijọ́, èyí tó jẹ́ 1,067 mìlímítà. Ti tuntun jẹ́ 1,435 mìlímítà. Ìyàtọ̀ yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ ti ìhín lè rìn lórí irin ti ọ̀hún. Ọ̀nà tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2017 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021, jẹ́ kìlómítà 157. Ọ̀nà àtijọ́ láàárín ìlú méjèèjì yìí kan náà lé ní 190. Àwọn ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà náà kò lè gun òkè tó dagun, owó sì wọ́n àwọn tó tẹ́ irin lójú, nítorí náà dípò kí wọ́n gé òkè, wọ́n yí i po. Nígbà mìíràn tí ẹ bá wọ ọkọ̀ tuntun tó ń sáré lọ gbọọrọ, ẹ rántí pé gbogbo kìlómítà tó dín yẹn ni òkè àti àfonífojì tí àwọn ti àkọ́kọ́ ní láti rọra yà fún.

Ẹ ó tún kíyè sí i pé orúkọ ìlú ni àwọn téṣàn àtijọ́ ń jẹ́, nígbà tí orúkọ ènìyàn wà lára ti tuntun. Mobolaji Johnson, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ni wọ́n fi sọ ti Èbúté Mẹ́tta. Lateef Jakande ni ti Àgbàdo. Funmilayo Ransome-Kuti ni ti Pápáláńtò. Wole Soyinka ni ti Ládérin ní Abẹ́òkúta. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, orúkọ ìlú nìkan ni n ó kọ sára pátákó, nítorí pé àlejò tó gbọ́ orúkọ ènìyàn kò tíì mọ ibi tó dé. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ìtàn òṣèlú wa yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ ní òpin ọ̀nà náà, nígbà tó bá rí i pé téṣàn Ladoke Akintola ní Omi-Adío ló kàn téṣàn Obafemi Awolowo ní Mọ́níyà. Àwọn tí aáwọ̀ wọn pín ẹgbẹ́ Action Group sí méjì ní 1962 ti di aládùúgbò báyìí, ọkọ̀ kan náà ló sì ń kí wọn.

Ní ti ìrìn àjò yín: ẹ wọ ọkọ̀ Red Line tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń lò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá 2024 láti Àgbàdo títí dé Oyíngbò. Ẹ ra káàdì Cowry sílẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń wọlé. Téṣàn mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀; ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Yábà tàbí Oyíngbò, kí ẹ rìn wọ ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, níbi tí Jaekel House wà. Ilé alájà méjì tí wọ́n kọ́ ní 1898 fún ọ̀gá àgbà rélùwéè ni; Legacy, ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, tún un ṣe, ó sì ti di ilé àkójọ ohun ìtàn rélùwéè. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń ṣí i kí ẹ tó lọ. Ilé náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kí ẹwà rẹ̀ mú yín gbàgbé pé àwọn òṣìṣẹ́ ló gbé rélùwéè ró. Láti inú rélùwéè yìí ni Michael Imoudu ti di aṣíwájú òṣìṣẹ́, tó sì wà lára àwọn tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò ti 1945, tí ọ̀nà irin fi dákẹ́ fún ohun tó lé ní oṣù kan.

Láti ibẹ̀, Ìddó kò jìnnà. Erékùṣù ni Ìddó nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irin. Afárá Denton ló so ó mọ́ Èbúté Mẹ́tta, afárá Carter sì so ó mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Láàárín 1902 sí 1933, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan máa ń gba orí afárá Carter wọ erékùṣù Èkó lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó òde òní kò gbọ́ rí. Ẹ parí ọjọ́ náà ní Màrínà, kí ẹ wọ Blue Line lọ sí Mile 2. Iná mànàmáná ló ń wa ọkọ̀ yẹn, ó sì ń gba iná láti ara irin kẹta tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Nítorí náà, bí fóònù tàbí fìlà bá jábọ́ sísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyá oníṣòwò kan, Òṣogbo:
Mo kí yín o. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í kọ́ téṣàn sí ibi tí ìlú wà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ìta ìlú ni téṣàn Òṣogbo wà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, Mọ́níyà tí wọ́n kọ́ ti tuntun sí jìnnà sí ọjà. Kí ló fa èyí?

Ìdáhùn:
Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Òótọ́ ni àwọn ìyá yín sọ, ọ̀rọ̀ náà sì kan ọ̀pọ̀ ìlú yàtọ̀ sí Òṣogbo. Ìlú Yorùbá àtijọ́ sábà máa ń wà ní ibi tó ṣe é dáàbò bò: lórí òkè, lẹ́bàá àpáta, nínú odi. Irin kò fẹ́ irú ibẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni irin ń wá, tí odò kò jìnnà sí, tí àyè sì wà fún ilé ẹrù, fún irin ẹ̀gbẹ́ àti fún ilé àwọn òṣìṣẹ́. Bí a bá tún wo ti ilé tí wọn yóò wó àti ààfin tí wọn yóò yẹra fún, ìta ìlú ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí.

Ohun tó tẹ̀lé e ni mo rò pé ó yẹ kí a máa lọ wò. Ìlú ló rìn lọ bá téṣàn. Ní Ìbàdàn, òde ìlú gbáà ni Dùgbẹ̀, níbi tí téṣàn wà, jẹ́ ní 1901 bí a bá fi Ọjà Ọba àti òkè Màpó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn tí irin dé, àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó kó lọ sí Gbági, ọjà Dùgbẹ̀ gbèrú, àwọn tó ti Èkó wá tẹ̀dó sí tòsí ibẹ̀, títí tí ó fi di pé àárín gbùngbùn ìṣòwò Ìbàdàn ni ibi tí àwọn àgbà ìgbà náà ń pè ní ẹ̀yìn odi. Ní Òṣogbo tiyín, irin tó dé ní 1907 ló sọ ìlú náà di ibi tí àwọn oníṣòwò láti apá gbogbo ti ń pàdé. Ẹ ṣe ohun kan fún mi: ẹ dúró ní iwájú téṣàn, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹ wá rìn lọ sí ọ̀nà ààfin Àtáọ́jà, kí ẹ máa wo ilé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ẹ ti ń lọ. Ẹ wo ilé tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ tí ibùgbé wà lókè, ẹ wo ibi tí wọ́n ti dáwọ́ dúró. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ yín mọ ibi tí ìlú àtijọ́ parí sí àti ibi tí èyí tí téṣàn bí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti Mọ́níyà, ọ̀ràn náà jọ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó ń sáré kò lè yà kíákíá, nítorí náà irin rẹ̀ ní láti lọ gbọọrọ, ìyẹn sì ń fẹ́ ilẹ̀ gbígbòòrò tí a kò lè rí láàárín ìlú tó kún bíi ti Ìbàdàn láìwó ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá ya àwòrán àyíká Mọ́níyà báyìí, kí ó sì tún padà lọ yà á lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwọn ìgbà kan ti wà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣètò ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó wá sí Òṣogbo fún àwọn tó ń bọ̀ wálé ọdún. Bí irú rẹ̀ bá tún wáyé, kò sí ọjọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti rí téṣàn àtijọ́ nígbà tí èrò bá kún inú rẹ̀.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan, Ìlọrin:
Mo fẹ́ràn fọ́tò yíyà. Ní téṣàn kan tí mo lọ, ẹ̀ṣọ́ gba fóònù mi, ó sì bi mí pé ta ló rán mi. Ó pẹ́ kí ó tó dá a padà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a ya téṣàn ní fọ́tò?

Ìdáhùn:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹ̀ṣọ́ náà: láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022, tí wọ́n pa ènìyàn tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ, ẹni tó bá ń ya irin, géètì àti àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn kò lè má fu wọ́n lára. Ilẹ̀ ìjọba ni téṣàn. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá téṣàn, kí ẹ kí i, kí ẹ sọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ bá wá, kí ẹ sì fi káàdì ìdánimọ̀ hàn án. Bí ẹ bá ti ya fọ́tò téṣàn mìíràn tí ẹ tẹ̀ sórí bébà, ẹ mú un dání. Ọ̀gá téṣàn tó rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe lè dìde fúnra rẹ̀ láti mú yín káàkiri, kí ó sì fi ohun tí ẹ kì bá tí rí hàn yín. Bí ó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ fi pẹ́ńsù ya ohun tí ẹ lè rántí nígbà tí ẹ bá délé.

Ẹ má ya ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn. Ẹ má rìn lórí irin, kódà níbi tí koríko ti bò ó, nítorí pé ọkọ̀ ẹrù lè kọjá láìsí nínú àkókò tí wọ́n kọ sára ògiri. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun orí òrùlé ọkọ̀ láti ya fídíò, n kò ní ìmọ̀ràn fún wọn ju pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé wa obìnrin kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù:
Mo ti ń fi ọjọ́ ìsinmi mi wo àwọn téṣàn níhìn-ín. Àwọn ará ilé ní mo ti di òyìnbó, pé ta ló ń lọ wo téṣàn nílé wa. Mo ń bọ̀ wá sí Ọ̀ffà lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni mo lè ṣe níbẹ̀ tí n kò lè ṣe níhìn-ín?

Ìdáhùn:
Ẹ sọ fún wọn pé òwò òyìnbó kọ́. Àwọn àgbà tó dàgbà sí ìlú tó ní téṣàn lè sọ fún wọn bí ọmọdé ṣe máa ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ irin bí fèrè ọkọ̀ bá ti dún, tí kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́ síbẹ̀. Peckham tí ẹ wà pàápàá ní ohun tó yẹ ní wíwò: Charles Henry Driver ló ya àwòrán téṣàn Peckham Rye, tí wọ́n ṣí ní 1865, gbọ̀ngàn ńlá tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ lókè rẹ̀ sì di ibi tí wọ́n ti ń gbá bílíádì nígbà kan, kí wọ́n tó tì í pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó wá tún un ṣe. Ní ìta rẹ̀ ni àwọn tiwa ti ń ta iṣu àti gàrí ní Rye Lane. Mú àwọn ará ilé lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó bá ọ jiyàn.

Ohun tí ẹ lè rí ní Ọ̀ffà tí ẹ kò ní tètè rí ní Peckham ni àwọn ènìyàn. Àwọn tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn wà láàyè, wọ́n sì ń dín kù. Ẹ lọ kí wọn pẹ̀lú ẹni tí wọ́n mọ̀, kí ẹ gba àyè kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún àgbàlagbà pé kí ó sọ ìtàn rélùwéè fún yín, nítorí pé ohun tó kà nínú ìwé ìròyìn ni yóò tún sọ. Ẹ ní kí ó sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Aago mélòó ló jí? Ta ló ń sọ fún un pé ọkọ̀ ti kúrò ní téṣàn tó kàn, ohun wo ni wọ́n sì ń fún awakọ̀ kí ó tó lè lọ? Bí ọkọ̀ bá pẹ́ di òru, ibo ni èrò ń sùn? Kí ni àwọn obìnrin ń gbé wá tà lójú fèrèsé ọkọ̀, tí wọ́n bá sì ti ta á tán kí ọkọ̀ tó fọn fèrè, báwo ni wọ́n ṣe ń gba owó wọn? Irú ìbéèrè yìí ni àgbà kan máa ń dáhùn títí tí oúnjẹ yóò fi tutù. Kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ náà, nítorí pé òun ló mọ bí wọ́n ṣe gbé wọn láti téṣàn kan sí òmíràn, àti ibi tí wọ́n bí ọmọ kọ̀ọ̀kan sí.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan, Kétu, Orílẹ̀-èdè Benin:
Gbogbo ọ̀rọ̀ yín dá lórí Nàìjíríà. Ṣé àwa tí a wà ní ìhà kejì ààlà kò ní téṣàn ni?

Ìdáhùn:
Ẹ ní, ẹ sì ṣeun tí ẹ rán wa létí. Ọ̀nà irin tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, tó jẹ́ kìlómítà 438, gba Dasà àti Ṣábẹ̀ kọjá, ìlú àwọn tiwa sì ni àwọn méjèèjì. Ọ̀nà mìíràn ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá sí Sakétẹ́ àti Pobè. Mítà kan gééré ni àlàfo irin àwọn Faransé, èyí tó kéré díẹ̀ sí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tó yẹ kí ẹ̀yin ará Kétu wò, ní tèmi, ni òpin ọ̀nà méjì yìí. Ní apá Nàìjíríà, irin kan yà ní Ìfọ̀, ó gba Ìlaròó kọjá, ó sì parí sí Ìdógò ní ilẹ̀ Yewa. Ní apá tiyín, irin mìíràn parí sí Pobè. Àwọn ìlú méjèèjì kò jìnnà síra, èdè kan náà ni àwọn ènìyàn wọn ń sọ, ọjà kan náà ni wọ́n sì ti ń pàdé kí òyìnbó tó dé. Síbẹ̀ irin méjèèjì kò pàdé rí, nítorí pé Èkó ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ẹrù lọ, Kútọnu ni Faransé fẹ́ kí ó lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjú irin rẹ̀ sí etíkun tirẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ẹnìkejì. Bí ìwé ìrìnnà yín bá pé, ẹ lè wo òpin méjèèjì láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ wọn ilé ẹrù Ìdógò, kí ẹ wọn ti Pobè, kí ẹ sì kọ̀wé sọ èyí tó tóbi jù fún wa.